Ààbò Àdírẹ́sì Òṣìṣẹ́ Ìjọba ní Amẹ́ríkà: Ìfiwéra Ọ̀nà Tó Wà àti Bí Ẹ Ṣe Máa Yan Tiyín

Ẹni tó bá ń gbowó oṣù lọ́wọ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà, ì báà ṣe tíṣà, nọ́ọ̀sì, wọ́dà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tàbí akọ̀wé kóòtù, fáìlì rẹ̀ níbi iṣẹ́ kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Òfin ìwé ìjọba fún aráàlú láyè láti kọ̀wé béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní Texas, ọ́fíìsì tó gba ìbéèrè náà ò tiẹ̀ gbọdọ̀ wádìí ohun tí olùbéèrè fẹ́ fi ṣe. Oníròyìn ń béèrè, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń béèrè, olóṣèlú ń béèrè, iléeṣẹ́ tó ń wá oníbàárà ń béèrè. Ọkùnrin tí ìyàwó ti kọ̀ sílẹ̀, tó sì ń wá ibi tí obìnrin náà kó lọ, òun náà lè béèrè.

Òfin yìí dára, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò wúlò. Òun ni aráàlú fi ń mọ ẹni tí ìjọba gbà síṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san fún un. Àmọ́ kò sẹ́ni tó nílò ojúlé tí tíṣà ń gbé kó tó mọ̀ bóyá owó oṣù rẹ̀ tọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì gba ọ̀nà tirẹ̀ yọ sí i. Àwọn kan bo àdírẹ́sì gbogbo òṣìṣẹ́ láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ la ẹnu. Àwọn kan ní kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ wá sọ. Àwọn kan to orúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí tiyín ò bá sí níbẹ̀, ìta lẹ wà. Òmíràn ń ta òṣìṣẹ́ lólobó kí ìwé tó jáde, kó lè ráyè lọ sí kóòtù.

Ẹ kò ní kó lọ sí ìpínlẹ̀ míì torí àdírẹ́sì, a mọ̀. Ohun tí ẹ lè yàn ni irinṣẹ́ tí ẹ máa lò níbi tí ẹ wà, àti ìgbà tí ẹ máa lò ó. Ìgbà yẹn gan-an ló ń pa èèyàn lára jù. Ààbò tí kò tíì sí lórí fáìlì kí ìbéèrè tó dé, ó ṣòro kó tó gbà yín. Ìwé tó bá sì ti jáde dà bí ẹyin tó já bọ́.

Ohun tí kò ṣe é bò

Orúkọ, ipò àti owó oṣù fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ibì kan tí wọ́n ti ń fi wọ́n pamọ́. Lọ́dún 2007, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní California dájọ́ lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú Oakland tó ń gba 100,000 dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún: orúkọ wọn àti iye tí wọ́n ń gbà, aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ ọ́n. Ìjọba àpapọ̀ náà ń fi orúkọ, ipò, ìpele, owó ọdún àti ibi iṣẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ hàn, àyàfi níbi iṣẹ́ tó gbẹgẹ́. Ẹni tó bá ń jà pé kí orúkọ òun má jáde ń fi okun rẹ̀ ṣòfò. Kó gbé okun yẹn lọ sídìí ojúlé, fóònù ara ẹni, ímeèlì ara ẹni, ọjọ́ ìbí àti orúkọ àwọn ará ilé rẹ̀.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ ò fura sí ni fóònù ara wọn tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Washington, nínú ẹjọ́ Nissen àti Pierce County lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ gíga jù sọ pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ tẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù tó fi owó ara rẹ̀ rà, ìwé ìjọba ni. California sọ irú rẹ̀ lọ́dún 2017 nínú ẹjọ́ ìlú San Jose. Ní Texas, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 pe òṣìṣẹ́ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní alámòójútó fún ìgbà díẹ̀. Bí ọ́fíìsì bá béèrè rẹ̀, ó ní ọjọ́ 10 láti kó o wá. Kò sí ọ̀nà kankan nísàlẹ̀ yìí tó máa gba ẹni tó da ọ̀rọ̀ iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ilé nínú ímeèlì kan ṣoṣo. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ibi | Ta ló bò | Ohun tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe | Ibi tó ti ń jò |
|---|---|---|---|
| California | Gbogbo òṣìṣẹ́ | Kò sí, ààbò ti wà nílẹ̀ | Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ímeèlì ara ẹni tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ìjọba |
| Texas | Òṣìṣẹ́ tó bá yàn án. Ọlọ́pàá ò nílò yíyàn | Ìwé tó fọwọ́ sí, láàárín ọjọ́ 14 | Ẹni tó dákẹ́. Ìbéèrè tó ti ṣáájú ìwé dé |
| Florida | Iṣẹ́ tí òfin dárúkọ nìkan | Ìwé ìbúra níwájú nótárì, sí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan | Iṣẹ́ tí òfin ò dárúkọ. Ọ́fíìsì tí ẹ gbàgbé |
| Washington | Gbogbo òṣìṣẹ́ àtàwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni | Kò sí fún ojúlé. Kóòtù fún ohun tí wọ́n ń jiyàn lé | Ọ̀rọ̀ yín tó wà níta fáìlì òṣìṣẹ́ |
| Ìjọba àpapọ̀ | Gbogbo òṣìṣẹ́ | Kò sí, olùtọ́jú ìwé ló ń gbé e yẹ̀ wò | Ẹnikẹ́ni ò ní ta yín lólobó |

Àwọn ìpínlẹ̀ míì sún mọ́ ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí. Ní New York, òfin ò fi dandan mú ọ́fíìsì kankan láti fi àdírẹ́sì ilé òṣìṣẹ́, ti ẹni tó ti kúrò níṣẹ́ tàbí ti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì sílẹ̀. Illinois pe àdírẹ́sì ilé, fóònù ilé, fóònù ara ẹni àti ímeèlì ara ẹni ní ìsọfúnni àdáni. Àwọn méjèèjì jọ ti California ju ti Texas lọ.

Texas: ọjọ́ 14 tó ń kọjá láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀

Nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, ti Texas ni ẹnu òṣìṣẹ́ ti lágbára jù, òun náà ni dídákẹ́ ti léwu jù. Abala 552.024 nínú òfin ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀wé sí ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kó sọ bóyá òun fẹ́ kí wọ́n fi àdírẹ́sì ilé òun, fóònù ilé òun, nọ́ńbà Social Security òun (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún èèyàn), ẹni tí wọ́n máa pè bí ìṣòro bá dé, àti bóyá òun ní ẹbí tàbí òun ò ní, hàn fún aráàlú. Ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọjọ́ 14 ló ní látọjọ́ tó wọṣẹ́. Nígbà tó bá ń fiṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ 14 míì tún ṣí sílẹ̀ fún un.

Ẹni tí kò bá sọ nǹkan kan, òfin kà á sí pé ó gbà. Ìwé yíyàn yẹn sábà máa ń wà láàárín ìdì fọ́ọ̀mù ọjọ́ àkọ́kọ́, níbi tí èèyàn ti ń fọwọ́ sí ti ìbánigbófò àti ti owó orí, ojú á sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó kàn án. Ẹ wá a jáde. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ má ṣe dúró dè é. Ẹ kọ ìwé tiyín, ẹ dárúkọ abala 552.024, ẹ to ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n bò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ déètì sí i, ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sí.

Ọjọ́ 14 ti kọjá ńkọ́? Ẹ ṣì lè kọ̀wé nígbàkigbà láti ti ilẹ̀kùn náà. Ṣùgbọ́n Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ náà ti fi ìpinnu lélẹ̀ látọdún 1989 pé bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ tí ìbéèrè dé ni wọ́n máa wò. Ìwé tí ẹ kọ ní Tuesday ò lè bo ohun tí ẹnì kan ti béèrè ní Monday. Ìdí nìyí tí a fi ń rọ àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pé kí wọ́n lọ wo fáìlì wọn lónìí, kí wọ́n rí i bóyá ìwé yíyàn wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kúrò níléèwé agbègbè kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ yàn lákọ̀tun, nítorí ọ́fíìsì tí ẹ kọ̀wé sí nìkan ló mọ ohun tí ẹ yàn.

Fóònù alágbèéká wà lábẹ́ ààbò yìí bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń san owó rẹ̀. Bí ìjọba bá ń san án, ààbò yẹn ò sí. Ọjọ́ ìbí òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ní tiẹ̀ ò nílò yíyàn: ilé ẹjọ́ gíga jù ní Texas sọ lọ́dún 2010 pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí, nígbà tí ilé ìwé ìròyìn kan béèrè àkójọ owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́.

Washington: ìkìlọ̀ ọjọ́ mẹ́wàá

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí yẹn kan náà ló jẹ́ kí òfin Washington yí padà. Òfin ìwé ìjọba níbẹ̀ ti wà látìgbà tí aráàlú dìbò fún un lọ́dún 1972, ó sì fẹ̀ gan-an. Lọ́dún 2019, ilé ẹjọ́ gíga jù níbẹ̀ sọ pé kò sí ibi tí òfin ti dá ọjọ́ ìbí òṣìṣẹ́ sí, pé kí wọ́n kó o fún ẹgbẹ́ tó béèrè rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn. Orúkọ pẹ̀lú ọjọ́ ìbí, ẹ mọ ohun tí olè ìdánimọ̀ lè fi ìyẹn ṣe. Ọdún 2020 ni ilé aṣòfin tún abala 42.56.250 ṣe, wọ́n bo ọjọ́ ìbí, wọ́n sì fi ohun kan kún un tí a kò rí irú rẹ̀ nínú òfin ìpínlẹ̀ mẹ́ta yòókù tí à ń fi wéra.

Ohun náà ni ìkìlọ̀. Bí ẹnì kan bá béèrè ohun tó jẹ́ pé inú fáìlì òṣìṣẹ́, ti owó oṣù, ti ọ̀gá tó ń bójú tó o tàbí ti ẹ̀kọ́ṣẹ́ nìkan ló wà, ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ sọ fún òṣìṣẹ́ náà, fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti fún olùbéèrè. Ìwé ìkìlọ̀ á sọ ọjọ́ tí ìbéèrè wọlé àti ohun tí wọ́n béèrè, ó kéré tán ọjọ́ 10 sì gbọ́dọ̀ kọjá kí ìwé tó jáde.

Ohun tí ẹ máa ṣe pẹ̀lú ọjọ́ 10 yẹn ló ṣe pàtàkì. Kíákíá tí ìwé bá dé, ẹ béèrè pé kí wọ́n fi ẹ̀dà tí wọ́n fẹ́ kó sílẹ̀ hàn yín, èyí tí wọ́n ti fi tádàwà bò. Ẹ kà á tán pátá. Ojúlé àti fóònù lójú ewé kìíní, wọ́n á ti bò ó. Ibi tó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn ni ojú ewé kejìdínlógún: orúkọ ọmọ nínú fọ́ọ̀mù ìbánigbófò, nọ́ńbà ìyàwó níbi ẹni tí wọ́n máa pè, àdírẹ́sì lórí sọwédowó tí wọ́n fagi lé. Ẹ kọ ojú ewé àti ìlà, ẹ dárúkọ abala 42.56.250, ẹ fi ránṣẹ́ sí olùtọ́jú ìwé lọ́jọ́ náà gan-an. Irú lẹ́tà yìí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Kóòtù wà fún ohun tí ẹ̀yin àti ọ́fíìsì ò bá fẹnu kò lé lórí. Ẹ̀rí méjì lẹ máa gbé kalẹ̀ níbẹ̀: pé òfin kan dá ohun náà sí, àti pé bí ó bá jáde kò ní ṣe aráàlú láǹfààní, á sì ṣe èèyàn ní ibi tí kò ṣe é tún ṣe. Ilé ẹjọ́ gíga jù níbẹ̀ tẹnu mọ́ ọn lọ́dún 2018 pé ẹ̀rí kan ò tó. Pé ojú máa tini ò tó rárá. Ẹni tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ní lọ́yà, kó pè wọ́n lọ́jọ́ kìíní, kó má ṣe dúró di ọjọ́ kẹsàn-án, torí adájọ́ ò ní ka ìwé lóru.

Ibi tó ti ń jò ni gbólóhùn kékeré yẹn: inú fáìlì *nìkan*. Bí ọ̀gá yín bá ti fi àdírẹ́sì yín sínú ímeèlì tó kọ sí ẹ̀ka míì, òfin ò fi dandan mú wọn láti ta yín lólobó nípa ímeèlì yẹn. Ojúlé náà ṣì wà lábẹ́ ààbò, ṣùgbọ́n ojú ẹnìkan ṣoṣo tó ń fi tádàwà bò ó lẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Látọdún 2023, òṣìṣẹ́ tó ti jìyà lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú nílé, ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ tàbí ẹni tó fipá bá a lò lè búra sínú ìwé, kí wọ́n sì bo ohun tó pọ̀ ju ojúlé lọ, títí kan ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ní tiwa, bí ó ṣe yẹ kí gbogbo ìpínlẹ̀ ṣe é nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ń wá kiri, kì í ṣe ilé nìkan ni wọ́n ti lè dènà dè é.

Florida: orúkọ iṣẹ́ yín ni kọ́kọ́rọ́

Òfin Florida le sí ìpamọ́; ẹ̀tọ́ aráàlú sí ìwé ìjọba wà nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ látọdún 1992. Nítorí náà, wọn kò bo òṣìṣẹ́ ní àpapọ̀. Abala 119.071(4)(d) to àwọn iṣẹ́ sílẹ̀: ọlọ́pàá, wọ́dà, panápaná, adájọ́, agbẹjọ́rò ìjọba, olùwádìí ìwà ìkà sí ọmọdé, àtàwọn míì tí ilé aṣòfin ń fi kún un lọ́dọọdún. Ẹni tó ti kúrò lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ níbi púpọ̀. Tíṣà lásán ò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà Social Security àti nọ́ńbà àkáǹtì báńkì wà lábẹ́ ààbò fún gbogbo òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ojúlé tíṣà tó wà ní ọ́fíìsì iléèwé lè jáde.

Fún ẹni tó bá wà nínú òfin, ààbò náà jinlẹ̀ ju ti ìpínlẹ̀ mẹ́ta yòókù lọ. Ó bo ọkọ tàbí aya, ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ àti iléèwé wọn. Àtúnṣe ọdún 2021 tiẹ̀ sọ ohun tí “àdírẹ́sì ilé” jẹ́: ojúlé, àdírẹ́sì tí lẹ́tà ń gbà wá, nọ́ńbà ilẹ̀ nínú ìwé káúńtì (ìjọba agbègbè), àpèjúwe ilẹ̀ náà nínú ìwé òfin, orúkọ àdúgbò pẹ̀lú nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì, títí dórí àmì GPS.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀, ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Ọ́fíìsì tó gbà yín síṣẹ́ gbọ́dọ̀ bò yín láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Gbogbo ọ́fíìsì yòókù ò ní ṣe nǹkan kan àyàfi tí ẹ bá fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn, kí nótárì sì ti fọwọ́ sí i, kí ẹ búra nínú rẹ̀ pé irú iṣẹ́ báyìí lẹ ń ṣe, pé ìlà báyìí nínú òfin ló bò yín. Ìwé kan ò tó. Ọ́fíìsì mẹ́rin ló sábà ní ojúlé yín lọ́wọ́ ní káúńtì: ti akọ̀wé kóòtù tó ń tọ́jú ìwé ilé, ti olùdíyelé ilẹ̀, ti agbowó orí, àti ti alámòójútó ìdìbò. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́rin, kí nótárì fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù ni ìwé ti ń padà wá jù. Kò ní wá ìwé ilé yín fún yín. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ irú ìwé tó jẹ́, orúkọ tó wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ àti ojú ewé tí àdírẹ́sì wà. Ìwé tí ẹ fi ra ilé, ìwé tí ẹ fi yá owó ilé, ìwé tí wọ́n fi sọ pé ẹ ti san gbèsè tán, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó dárúkọ ìwé rírà nìkan ti fi ìwé yíyá sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ohun tó tún yẹ kẹ́ ẹ rò: ilé tí wọ́n ti yọ orúkọ olówó rẹ̀ kúrò níta ń fa ìdádúró nígbà tí ẹ bá fẹ́ tà á tàbí tún owó rẹ̀ yá, torí ẹni tó ń wádìí ẹ̀tọ́ onílé ò ní rí yín. Ẹ tètè sọ fún wọn. Bí ẹ bá sì ti ta ilé náà, ẹ gbọ́dọ̀ padà lọ fi ìwé míì tí nótárì fọwọ́ sí ṣí ohun tí ẹ tì.

California àti ìjọba àpapọ̀

Ti California rọrùn láti sọ. Àdírẹ́sì ilé, fóònù ilé, fóònù alágbèéká ti ara ẹni àti ọjọ́ ìbí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ìwé aráàlú. Abala 7928.300 ni, bí ẹ bá rí 6254.3 nínú fọ́ọ̀mù àtijọ́, òun náà ni, wọ́n yí nọ́ńbà gbogbo òfin yìí padà ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ímeèlì ara ẹni náà wà níbẹ̀, àyàfi tí ẹ bá fi ṣe iṣẹ́ ìjọba.

Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ni ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Òfin ọdún 2017 ní kí ọ́fíìsì máa fún ẹgbẹ́ ní àdírẹ́sì ilé, fóònù àti ímeèlì àwọn tí ẹgbẹ́ ń ṣojú fún ní gbogbo ọjọ́ 120. Ọjọ́ ìbí ò sí nínú rẹ̀. Ojúlé àti fóònù ilé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ agbófinró náà ò sí níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé kí wọ́n má fún ẹgbẹ́ ní tòun. A kò rọ gbogbo èèyàn láti ṣe é, torí ẹgbẹ́ ò ní lè kàn sí yín nílé nígbà ìdìbò lórí àdéhùn owó oṣù. Ẹni tó ń sá fún ẹnì kan pàtó ni ó yẹ kó ṣe é.

Àwọn tí wọ́n dìbò yàn tàbí tí wọ́n yàn sípò níbẹ̀, títí kan adájọ́ àti ọlọ́pàá, tún lè kọ̀wé sí ẹni tó gbé ojúlé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kó yọ ọ́. Wákàtí 48 ló ní, ìwé náà sì ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin.

Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ tó wà látọdún 1966, abala kẹfà nínú àwọn ohun tí òfin yọ sílẹ̀ ló bo fáìlì òṣìṣẹ́. Ìwọ̀n ni wọ́n ń lò: àṣírí èèyàn lápá kan, àǹfààní aráàlú láti mọ bí ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́ lápá kejì. Ojúlé fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń borí níbẹ̀. Lọ́dún 1994, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti jẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pàápàá gba àdírẹ́sì ilé àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ààbò. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé iléeṣẹ́ oníṣòwò tí ìjọba fẹ́ tú àṣírí òwò rẹ̀ ń gba ìkìlọ̀ lábẹ́ àṣẹ ààrẹ ọdún 1987, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba ò ní irú rẹ̀. Ẹ lè kọ̀wé síwájú sí ọ́fíìsì tó ń dáhùn ìbéèrè pé ẹnì kan ń halẹ̀ mọ́ yín, kí wọ́n lè fi sórí ìwọ̀n. Bó bá jẹ́ pé wọn ò mọ̀, wọn ò lè wọ̀n ọ́n.

Bí ó bá kọjá fáìlì ibi iṣẹ́

Gbogbo ohun tí a ti sọ, ìwé ìjọba nìkan ló bò. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò ní ríbi wọ̀, àmọ́ ògiri yìí lẹ́nu ju ọ̀kan lọ: ìwé ilé, ìwé ìdìbò, àti àwọn iléeṣẹ́ tó ń ra ìsọfúnni tí wọ́n sì ń tà á. Ìwé ọkọ̀ nìkan ni ìjọba àpapọ̀ ti dí fún gbogbo èèyàn, lọ́dún 1994, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó.

Irinṣẹ́ méjì ló wà fún ìyókù. Èkíní ni ètò àdírẹ́sì àfirọ́pò, tí Washington kọ́kọ́ dá sílẹ̀ lọ́dún 1991, tó sì ti tàn ká ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ìjọba á fún yín ní àdírẹ́sì míì, ọ́fíìsì ìjọba á máa lò ó, lẹ́tà á dé ibẹ̀, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí yín. Ní Texas, Agbẹjọ́rò Àgbà ló ń ṣe é. Ní Washington, akọ̀wé ìpínlẹ̀ ni. Fún ẹni tí ẹnì kan ń dọdẹ ni, kì í ṣe fún ẹni tó kàn fẹ́ sinmi lọ́wọ́ olùpolówó ọjà. Lẹ́tà máa ń pẹ́ ní ọjọ́ mélòó kan, ẹrù kì í sábà bá a wá. Kò sì lè pa ohun tó ti wà nínú ìwé àtijọ́ rẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi dára jù kẹ́ ẹ wọ ètò náà lọ́sẹ̀ tí ẹ bá ń kó lọ sílé tuntun, kẹ́ ẹ tó fi ojúlé tuntun sí ìwé kankan. Ẹni tó kó lọ, tó forúkọ sílẹ̀ fún iná àti ìdìbò, tó wá rántí ètò yìí lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ti pẹ́.

Èkejì ni irú òfin tí New Jersey ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, tí wọ́n ń pè ní Daniel's Law, lẹ́yìn tí agbébọn kan lọ sílé adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan tó sì pa ọmọ rẹ̀. Adájọ́, agbẹjọ́rò ìjọba, ọlọ́pàá, olùwádìí ọ̀rọ̀ ọmọdé àtàwọn ará ilé wọn lè kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ń ta ìsọfúnni. Ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni iléeṣẹ́ náà ní. Bó bá kọ̀, ó lè san 1,000 dọ́là lórí ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó lè gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ojúlé èèyàn ṣòwò.

Èwo ló bá yín mu?

Ẹ bi ara yín pé: ta ni mò ń pa á mọ́ fún?

Bó bá jẹ́ pé olùpolówó àti àwọn àjèjì lásán ni, ààbò ibi iṣẹ́ tó. Ní California àti New York, ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò pé ímeèlì ara yín ò wọnú iṣẹ́. Ní Texas, ìwé yíyàn kan ló kù. Ní Florida, bí iṣẹ́ yín ò bá sí nínú òfin, ẹ lo àpótí ìfìwéránṣẹ́ dípò ojúlé nínú gbogbo fọ́ọ̀mù tó bá gbà á, kí ìwé tó máa jáde má ní ilé yín nínú.

Bí iṣẹ́ yín bá ń bí èèyàn nínú, bíi wọ́dà, olùwádìí ọ̀rọ̀ ọmọdé tàbí agbẹjọ́rò ìjọba, ẹ má ṣe dúró lórí fáìlì ibi iṣẹ́. Ọ́fíìsì káúńtì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ní Texas, abala 552.1175 ló wà fún ìwé yín tó wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì míì, abala 25.025 nínú òfin owó orí sì wà fún ìwé ilé lọ́dọ̀ olùdíyelé ilẹ̀. Fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Bí ẹnì kan pàtó bá ń wá yín láti ṣe yín níbi, ètò àdírẹ́sì àfirọ́pò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé, kí ìyókù tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà èyíkéyìí tó wù kẹ́ ẹ gbà, ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ kọ̀wé sí olùtọ́jú ìwé níbi iṣẹ́ yín pé: “Bí ẹnì kan bá béèrè fáìlì mi lónìí, kí lẹ máa kó fún un? Ẹ jẹ́ kí n rí i.” Bó bá dé, ẹ ṣí ojú ewé tí orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè bí ìṣòro bá dé wà kẹ́ ẹ tó wo ibòmíì. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tiyín. Ti ìyá yín tàbí ti àbúrò yín ni, ẹnikẹ́ni ò sì tíì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kó jáde.